Àyè Ṣófo, Ẹrù Kò Dé: Àròjinlẹ̀ lórí Ẹ̀dà Ìpamọ́ Fóònù ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti Ogun Waterside

Ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń tọ́jú sínú àpótí nígbà kan rí ni wọ́n ń tọ́jú sínú fóònù lónìí, ìyípadà náà sì yára púpọ̀, nítorí pé oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká onísíìmù, irú èyí tí ará ìlú lásán lè rà, ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, inú fóònù ni oníṣòwò obì àti oníṣòwò pákó ń kó ẹ̀rí owó tí wọ́n san àti èyí tí wọ́n gbà sí. Ní Àgọ́-Ìwòyè, inú rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá rẹ̀ sí. Ní Abígì, Ìwòpin, Ìbíadé àti Òde-Omi, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, ohùn ìyá àgbà tó ti dolóògbé, níbi tí ó ti ń ki ọmọ ọmọ rẹ̀ ní oríkì, lè má sí níbikíbi mọ́ láyé àfi nínú fóònù ọmọ kan ṣoṣo. Nítorí náà, nígbà tí fóònù bá sọ pé òun kò lè parí iṣẹ́ ìpamọ́, tí ó sì tún ń fi hàn pé àyè ṣì pọ̀ nílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ti ẹ̀rọ. Ó ti di ọ̀rọ̀ ohun ìní, ọ̀rọ̀ ẹ̀rí àti ọ̀rọ̀ ìrántí. Èrò tí àròkọ yìí dì mú ni pé àyè jẹ́ ẹyọ kan péré nínú ohun tí ìpamọ́ ń béèrè, pé àwọn yòókù, èyíinì ni iná, nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àkókò, àkáǹtì àti kọ́kọ́rọ́, ni wọ́n ṣòro jù láti rí papọ̀ ní agbègbè wọ̀nyí, àti pé ẹni tí ó bá mọ èyí lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pèsè ohun tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ rò pé ó ti wà nílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn.

Ẹ̀dà ìpamọ́ ni àdàkọ ohun inú fóònù tí a fi sí ibòmíràn, kí ó lè ṣeé gbà padà bí fóònù bá bọ́ sódò, bí olè bá gbé e, tàbí bí ojú rẹ̀ bá fọ́ tí kò tàn mọ́. Bí ibòmíràn náà bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ńláńlá ilé-iṣẹ́ kan ní ọ̀nà jíjìn, tí orí ayélujára ni ènìyàn ń gbà dé ibẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè é ní cloud. Inú ilé gidi ni àwọn kọ̀ǹpútà náà wà, iná ni wọ́n ń lò tọ̀sán-tòru, okùn tí wọ́n tẹ́ gba ìsàlẹ̀ òkun sì ni ó so púpọ̀ nínú wọn mọ́ Nàìjíríà. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì, èyíinì ni orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí ilé-iṣẹ́ náà fi ń dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ẹlòmíràn. Fún fóònù Android, Google ni olùpamọ́ tó wọ́pọ̀ jù, gígábáìtì 15 ni ó sì ń fún olúkúlùkù lọ́fẹ̀ẹ́. Fún iPhone, Apple ni, iCloud rẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2011 sì ń fúnni ní gígábáìtì 5. Gígábáìtì ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ohun inú ẹ̀rọ ṣe tóbi tó, ẹyọ kan rẹ̀ sì lè gba àwòrán tó lé ní 300 bí àwòrán kọ̀ọ̀kan bá wọn mẹ́gábáìtì mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni fídíò ayẹyẹ ìgbéyàwó kan ṣoṣo lè gba ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdí àkọ́kọ́ tí ìpamọ́ fi ń kùnà lójú àyè ni pé àyè méjì ló wà, ẹni tó ń wo ọ̀kan sì sábà máa ń rò pé èkejì ni òun ń wò. Fóònù tí ó ní gígábáìtì 128, tí ìdajì rẹ̀ ṣì ṣófo, kò sọ ohunkóhun nípa gígábáìtì 15 tó wà lọ́dọ̀ Google, nítorí pé ọ̀kan wà lọ́wọ́ olóhun, èkejì sì wà lẹ́yìn odi. Gígábáìtì 15 náà pàápàá kì í ṣe ti àwòrán nìkan: lẹ́tà orí Gmail, ìwé inú Drive àti àwòrán inú Google Photos ló jọ ń pín in. Títí di òpin oṣù karùn-ún ọdún 2021, Google kì í ka àwòrán tí a dín díẹ̀ kù ní dídára mọ́ ọn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún náà ni gbogbo àwòrán tuntun ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba àyè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀dà ìpamọ́ WhatsApp lórí Android, tí wọn kò kà mọ́ àyè láti oṣù kọkànlá ọdún 2018, tún di ohun tí wọ́n ń kà ní ọdún 2024. Ẹni tí kò yí ohunkóhun padà nínú fóònù rẹ̀ lè tipa bẹ́ẹ̀ rí i pé ìpamọ́ tó ti ń lọ déédéé fún ọdún púpọ̀ dúró lójijì, tí kò sì mọ̀ pé òfin ló yí padà. Ohun tí a sọ nù pàápàá ṣì ń gba àyè fún ìgbà díẹ̀: àwòrán tí a pa rẹ́ lẹ́yìn tí a ti pa á mọ́ ń dúró nínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí Google Photos fún 60 ọjọ́, ti Drive sì ń dúró fún 30 ọjọ́, àyàfi bí olóhun bá fúnra rẹ̀ dà á nù.

Àyè lè wà ní ìhà méjèèjì síbẹ̀ kí ó má tó, nítorí pé iṣẹ́ ìpamọ́ fúnra rẹ̀ ń béèrè àyè tí yóò fi yí ara. WhatsApp máa ń kọ́kọ́ di ẹ̀dà náà jọ sínú fóònù kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ránṣẹ́, èyí tó túmọ̀ sí pé fóònù tó ti kún dẹ́nu kò ní ibi tí yóò ti di ẹrù náà, bí ibi tó ń lọ tilẹ̀ ṣófo. Fún àwọn tó ń lo iPhone, WhatsApp sọ ọ́ ní iye pàtó pé àyè tó ṣófo nínú fóònù àti ní iCloud gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po 2.05 ohun tí a fẹ́ pamọ́. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ẹni tí ẹ̀dà ọ̀rọ̀ WhatsApp rẹ̀ tó gígábáìtì mẹ́ta yóò nílò àyè tó lé ní gígábáìtì mẹ́fà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo ohun tí iCloud ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ kò ju márùn-ún lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè wo iCloud rẹ̀, kí ó rí gígábáìtì mẹ́rin tó ṣófo, kí ó sì máa rò pé ẹ̀rọ ń purọ́ fún òun. Ẹ̀rọ kò purọ́, ṣùgbọ́n kò ṣàlàyé, àìṣàlàyé náà sì ni ó ń sọ ènìyàn di aláìnírànlọ́wọ́ níwájú ohun tí ó fi owó ara rẹ̀ rà.

Ohun tó kù nínú ọ̀rọ̀ náà yóò tètè yé ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kòkó ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Igbó. Bí ilé ìkẹ́rù tó wà nígboro bá ṣófo láti ilẹ̀ dé àjà, òfìfo rẹ̀ kò lè gbé àpò kòkó kan ṣoṣo láti abà wá sílé: ọkọ̀ ni yóò gbé e, ọ̀nà gbọ́dọ̀ ṣeé gbà, epo gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí láti ṣílẹ̀kùn. Nínú ìpamọ́ fóònù, iná bátìrì ni epo, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ọ̀nà, àkáǹtì àti ọ̀rọ̀ aṣínà sì ni kọ́kọ́rọ́. Èyíkéyìí nínú wọn tí kò bá sí lè dá ẹrù dúró, ìkìlọ̀ tí yóò hàn lójú fóònù sì lè jẹ́ gbólóhùn kan náà, pé iṣẹ́ kò parí, láìsọ èyí tó fà á.

Àwọn tó ṣe ètò wọ̀nyí ní irú ilé kan lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. iCloud ń ṣe ìpamọ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí fóònù bá wà lẹ́nu iná, tí ojú rẹ̀ wà ní títì, tí ó sì wà lórí Wi-Fi. Android náà ń dúró de ìgbà tí fóònù bá ń ṣáájì, tí ó wà lórí Wi-Fi, tí ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kàn án fún ìgbà díẹ̀. Ìdí rere wà fún àwọn májẹ̀mú wọ̀nyí, nítorí pé wọ́n ń dáàbò bo bátìrì àti owó dátà olóhun. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n fojú inú wò ni ilé tí iná kì í kú lóru, tí Wi-Fi ti wà lára ògiri rẹ̀, tí onílé yóò ki fóònù bọ iná ní alẹ́, tí yóò sì sùn di òwúrọ̀. Ní Òkè-Ṣópẹ̀n tàbí Àtìkorí ní Ìjẹ̀bú-Igbó, orí dátà síìmù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wà, iná sì ń dé nígbà tó bá wù ú. Nígbà tí iná bá dé, onífóònù sábà máa ń jí láti lo fóònù náà, kì í ṣe láti fi í sílẹ̀. Ẹni tó gbé fóònù lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣáájì lówó yóò pa á kí ó tó fi í sílẹ̀, kí ó lè tètè kún, kí ẹlòmíràn má sì tú u wò. Fóònù náà ń gba iná nígbà tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lára rẹ̀, ó sì ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nígbà tí kò sí lẹ́nu iná, tó bẹ́ẹ̀ tí májẹ̀mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi lè má pàdé rárá láàárín oṣù kan gbáko. Kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú irú fóònù bẹ́ẹ̀. Ó ń dúró de ìgbésí ayé kan tí kì í ṣe ti ẹni tó ni ín.

Ní Ogun Waterside, ọ̀nà fúnra rẹ̀ ni ìṣòro tó ga jù. Ìjọba ìbílẹ̀ yìí, tí Abígì jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ni ó gbé Ìpínlẹ̀ Ògùn dé etí òkun Àtìláńtíìkì, ọ̀sà, ẹrẹ̀ àti igbó ni ó sì pín púpọ̀ nínú àwọn ìletò rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fẹ́ ilẹ̀ tí yóò dúró lé, epo tàbí sólà tí yóò máa gbé e ró, àti èrò tó pọ̀ tó láti san owó tí wọ́n ná lé e, nítorí náà ni òpó fi ń jìnnà síra wọn ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ènìyàn lè rò pé níwọ̀n ìgbà tí fídíò bá ti ń ṣí lójú fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára tó fún ìpamọ́. Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni agbára tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń gbé ohun wá sínú fóònù, ọ̀tọ̀ ni èyí tí ó fi ń gbé ohun jáde, èkejì ni ó sì sábà máa ń kéré jù, pàápàá bí òpó bá jìnnà, nítorí pé agbára fóònù kékeré kò tó ti òpó láti dáhùn padà. Bí ìgbéjáde náà kò bá ju mẹ́gábíìtì kan lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gígábáìtì 10 yóò gba wákàtí 22 láìdúró, bẹ́ẹ̀ ni wákàtí méjì lásán pàápàá lè ṣòro láti rí láìdúró ní Màkún-Omi. Nígbà mìíràn, ibi tí ọ̀nà ti já kò sí ní Nàìjíríà rárá. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní tòsí Abidjan ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, ìlò ayélujára sì dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tí ìpamọ́ rẹ̀ kùnà lọ́sẹ̀ náà kò jẹ̀bi ohunkóhun, kò sì sí ohun tó yẹ kí ó tún ṣe nínú fóònù rẹ̀ ju kí ó dúró lọ.

Owó pẹ̀lú jẹ́ apá kan ọ̀nà yìí, nítorí pé ní oṣù kìíní ọdún 2025 ni àjọ NCC, tí ń mójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó tí wọ́n ń gbà. Bí dátà bá ti wọ́n, ìwà ọgbọ́n ni kí ènìyàn pa ààyè tí fóònù fi ń ná dátà nígbà tí a kò wò ó, ṣùgbọ́n ìwà ọgbọ́n yìí náà ló ń pa ìpamọ́. Èyí hàn gbangba ní Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí yunifásítì tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1982 wà, èyí tí wọ́n sọ ní Yunifásítì Olábísí Ọnàbánjọ ní 2001 láti bu ọlá fún gómìnà àkọ́kọ́ tí ará ìlú dìbò yàn ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ wọn níbi gbogbo, ń pín dátà láti fóònù kan sí èkejì, ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní hotspot. Fóònù tó ń gbà á máa ń rí i bíi Wi-Fi, ṣùgbọ́n ó lè mọ̀ pé Wi-Fi tí a ń wọn ni, èyí tí owó ń jáde lórí ohunkóhun tó bá gbà kọjá, yóò sì dá ìpamọ́ dúró kí ó má baà ná owó olóhun. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí àmì Wi-Fi lókè fóònù, yóò rí àyè lọ́dọ̀ Google, kò sì ní mọ̀ pé fóònù ń ṣàánú àpò òun. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: kí ó wọ inú ètò Wi-Fi náà, kí ó sọ fún fóònù pé kí ó má kà á sí èyí tí a ń wọn, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní wákàtí tí dátà òru fi ń dínwó, kí ó sì dá a padà bí iṣẹ́ bá ti parí.

Àwọn ìdí mìíràn wà tó kéré lójú, tí wọ́n sì ń dá iṣẹ́ ńlá dúró. Ọ̀pọ̀ fóònù tí owó wọn kò ga ní ètò tí ń pa áàpù tí a kò wò mọ́ kí bátìrì lè tọ́jọ́, áàpù tó ń ṣe ìpamọ́ sì wà lára ohun tí ó ń pa. Bí bátìrì fóònù bá kú pátápátá tí ọjọ́ àti aago rẹ̀ sì ṣì, kọ̀ǹpútà tó wà lókè òkun kò ní lè bá a dòwò pọ̀, nítorí pé ìwé ẹ̀rí tí àwọn ẹ̀rọ fi ń mọ ara wọn ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí, fóònù tó gbà pé ọdún 2015 ni a wà yóò sì rò pé ìwé ẹ̀rí òní kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó yí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ padà lórí kọ̀ǹpútà lè gbàgbé láti fi tuntun sínú fóònù. Fóònù àlòkù tí wọ́n kó wá láti òkè òkun tàbí tí ẹ̀gbọ́n fi sílẹ̀ fún àbúrò lè ní àkáǹtì méjì lára, kí àwòrán máa lọ sí ọ̀kan, kí olóhun sì máa wo àyè inú èkejì. Fáìlì kan tó bàjẹ́, bíi fídíò tí kò wọlé tán nígbà tí dátà parí, sì lè há sójú kan, kí ó dí ọ̀nà mọ́ gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Níwọ̀n bí ìdí ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìwádìí gbọ́dọ̀ ní ètò, kí ẹni tó ń tún un ṣe má baà ba èyí tó dára jẹ́. Ohun tó yẹ ní wíwò ṣáájú ni ọjọ́ tí ìpamọ́ parí kẹ́yìn, nítorí pé bọ́tìnnì tó wà ní títàn ń sọ ohun tí olóhun fẹ́, ọjọ́ náà sì ń sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ó yẹ orúkọ àkáǹtì wò, kí ó rí i dájú pé èyí tó wà lára fóònù náà ni òun ń wo àyè rẹ̀, kí ó sì ṣírò àyè méjèèjì pẹ̀lú èyí tí iṣẹ́ yóò fi yí ara. Kí ó ṣàtúnṣe ọjọ́ àti aago, kí ó gba àtúnṣe tuntun fún áàpù náà, kí ó sì yọ ọ́ kúrò lábẹ́ ètò tí ń pa áàpù kí bátìrì lè tọ́jọ́. Nígbà náà ni kí ó dín ẹrù kù, pàápàá nínú WhatsApp, níbi tí ó ti lè yọ fídíò kúrò nínú ohun tí wọ́n ń pamọ́, kí ọ̀rọ̀ àti ohùn lè kọ́kọ́ dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ní ìparí, kí ó fi fóònù sẹ́nu iná níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, kí ó fúnra rẹ̀ tẹ ibi tí wọ́n kọ pé kí ìpamọ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó má sì lo fóònù náà títí yóò fi parí. Ohun mẹ́ta wà tí kò gbọdọ̀ ṣe, èyíinì ni pé kò gbọdọ̀ pa ẹ̀dà àtijọ́ rẹ́, kò gbọdọ̀ yọ WhatsApp kúrò, kò sì gbọdọ̀ gbà kí ẹnikẹ́ni fọ fóònù náà mọ́ kí ẹ̀dà tuntun tó parí, nítorí pé ibi tí àtúnṣe ti ń di àdánù nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Kọ́kọ́rọ́ tún jẹ́ ohun tó yẹ kí a rò jinlẹ̀, nítorí pé ẹ̀dà lè dé ibi tí ó ń lọ láìsí ẹni tó lè ṣí i mọ́. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2021 ni WhatsApp ti fún ẹni tó bá fẹ́ láǹfààní láti fi ọ̀rọ̀ aṣínà tàbí kọ́kọ́rọ́ onídíjíìtì 64 ti ẹ̀dà rẹ̀ pa, bí ó bá sì sọ èyí tí ó yàn nù, WhatsApp fúnra rẹ̀ kò lè bá a ṣí i. Láti Android 9, tí ó jáde ní 2018, nọ́ńbà tí ènìyàn fi ń ṣí ojú fóònù wà lára ohun tí ń ti ẹ̀dà fóònù rẹ̀ pa lọ́dọ̀ Google. Ẹ̀dà tí a pamọ́ kì í sì í wà títí láé: bí a kò bá lo fóònù Android kan fún 57 ọjọ́, ẹ̀dà ètò àti áàpù rẹ̀ lè di píparẹ́, Google sì kéde ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò bá lò fún ọdún méjì lè di píparẹ́ pẹ̀lú ohun inú rẹ̀. Fún ìdílé tí bàbá wọn ti kú, tí wọ́n sì gbé fóònù rẹ̀ sínú àpótí aṣọ nítorí ìfẹ́ àti ọ̀wọ̀, èyí túmọ̀ sí pé ọ̀wọ̀ náà gan-an lè jẹ́ kí ohun tó wà lókè òkun pòórá. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹnìkan nínú ilé mọ àkáǹtì àwọn àgbà nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn, gẹ́gẹ́ bí ẹnìkan ti máa ń mọ ibi tí ìwé ilẹ̀ wà.

Ohun tó jinlẹ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni bí ẹrù ṣe pín. Ẹni tó ní iná, Wi-Fi àti owó ni ìpamọ́ ń bá rìn láìbéèrè, tí kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ohunkóhun ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tí kò ní ohunkóhun nínú wọn, tí fóònù rẹ̀ sì tún ń tètè bàjẹ́ nítorí omi, eruku àti iná tó ń fò sókè sódò, ni ó gbọ́dọ̀ fi ọgbọ́n orí ṣe gbogbo rẹ̀. Kò tọ́ kí ọ̀rọ̀ wà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tọ́ ni kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe fóònù sọ ìdí tí ìpamọ́ fi kùnà ní èdè tó yé ará ọjà, kí wọ́n sì jẹ́ kí ìpamọ́ lè lọ díẹ̀díẹ̀ lórí ọ̀nà tí kò dára, kí ó máa bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí, kí ohùn àti ọ̀rọ̀ máa lọ ṣáájú fídíò. Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó dé, ìmọ̀ wà nítòsí tí a lè pín. Yunifásítì wà ní Àgọ́-Ìwòyè, ilé-ẹ̀kọ́ gíga Abraham Adesanya Polytechnic sì wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà bá ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún àwọn ará ọjà, tàbí bí ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tó ní sólà àti Wi-Fi bá ń gbà kí àwọn ènìyàn wá pa ohun inú fóònù wọn mọ́ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, iná, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti ẹni tó mọ ọ̀nà yóò pàdé níbì kan náà, èyí tí ilé ẹnìkọ̀ọ̀kan kò lè pèsè.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ibi ìpamọ́ kan ṣoṣo gba gbogbo ìgbẹ́kẹ̀lé. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ìpamọ́ gbà pé ó yẹ kí ohun iyebíye wà ní ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan nínú wọn sì wà ní ìta ilé. Ní Ogun Waterside, níbi tí orí ayélujára ti jẹ́ ọ̀nà tó le jù, káàdì mẹ́mọ́rì tàbí fláàṣì tí a fi ránṣẹ́ sí ọmọ tó ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde lè jẹ́ ẹ̀dà ìta ilé náà, àwòrán tí a tẹ̀ sórí bébà sì tún lè jẹ́ ẹ̀dà tó pẹ́ jù gbogbo wọn lọ. Èyíkéyìí tí ènìyàn bá yàn, ìdánwò kan ló ń fi òtítọ́ rẹ̀ hàn: kí ó gba ohun kan padà láti inú rẹ̀, bóyá àwòrán kan tàbí ohùn kan, lórí fóònù mìíràn, kí ó sì rí i pé ó ṣí. Àyè tó ṣófo jẹ́ ìlérí lásán, bọ́tìnnì tó ń tàn jẹ́ èrò rere, ọjọ́ ìpamọ́ tó hàn lójú fóònù sì jẹ́ ẹ̀rí tó súnmọ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a ti gbà padà rí nìkan ni ìdílé lè sọ dájúdájú pé àwọn ní ní ìpamọ́, ọjọ́ tí gbogbo nǹkan ṣì wà ní àlàáfíà ni ó sì yẹ kí wọ́n dán an wò.